Oore tí a jẹ lásìkò kónílé-ó-gbélé, àti ọ̀nà tí a lè gbà san án

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé wa kan ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2020 tí ìjọba ní kí onílé gbélé, ọkọ mi há sí Èkó, èmi àti àwọn ọmọ sì wà nínú ilé tí a yá ní Òkè-Àdó. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ wà ní títì. Ìyá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wa. Yóò gbé e sí ẹnu ọ̀nà, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò sì fà sẹ́yìn. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú, a kò sì lè sìnkú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ní ń wí pé kí n máa dúpẹ́ pé èmi àti àwọn ọmọ mi yè é. Láti ìgbà náà ni ojú ti ń tì mí láti wo ojú ìyá yẹn. Kúlà rẹ̀ kan ṣì wà lọ́dọ̀ mi títí di òní. Ṣé aláìmoore ni mí ni? Báwo ni mo ṣe lè san oore yìí? Bí irú àsìkò bẹ́ẹ̀ bá sì tún dé, kí ni a lè ṣe ní àdúgbò wa tí yóò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

Ìdáhùn:

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ kú aráfẹ́rakù ẹ̀gbọ́n yín, ẹ sì kú àfaradà gbogbo ohun tí ojú yín rí lọ́dún náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ó jọ pé ó ń dùn yín jù lọ: ẹ kì í ṣe aláìmoore. Aláìmoore kì í rántí. Ẹ̀yin rántí oúnjẹ, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn, ẹ sì mọ ibi tí kúlà olóore yín wà nínú ilé. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé nǹkan mẹ́ta ti lọ́ mọ́ ara wọn: ọ̀fọ̀ tí ẹ kò rí àyè ṣe tán, ọpẹ́ tí ẹ kò rí àyè sọ jáde, àti ìtìjú tí ó jókòó sí àárín méjèèjì. Bí a kò bá tú wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan yóò máa ba èkejì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn mi yóò fi gùn díẹ̀.

Ó yẹ kí a rántí bí nǹkan ṣe rí gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń dá ara wọn lẹ́bi fún ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ wọn. Ní 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá láti alẹ́ 30 oṣù Kẹta, fún ọjọ́ 14, kí ó tó tún fi ọjọ́ 14 mìíràn lé e. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa, ìjọba kò ti ìlú pa tọ̀sán-tòru. Láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni òfin kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni níta, ṣùgbọ́n wọ́n ti àwọn ọjà tí wọn kì í ti í ta oúnjẹ, wọ́n sì dá ọkọ̀ èrò tí ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn dúró. Ohun tí ó há ọkọ yín mọ́ Èkó nìyẹn. Ẹni tí ń gba owó oṣù lè jókòó sílé kí owó oṣù sì máa wọlé. Aránṣọ, onídìrí, awakọ̀ máíkírà àti ẹni tí ń ta aṣọ ní Gbági, ohun tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n ń jẹ lónìí. Ebi tí ó wọ ilé yín nígbà náà kò ti ọwọ́ ọ̀lẹ tàbí àìmètò wá. Òfin tí ìlú fi ń dáàbò bo ẹ̀mí ni ó dí ọ̀nà oúnjẹ yín, ẹ sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó sílé kí àrùn má bàa ti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí mo ṣe rí i ni pé ẹ̀yin náà ti ṣe oore fún àdúgbò kí ẹnikẹ́ni tó gbé oúnjẹ wá bá yín. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìtìjú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n yín. Ìsìnkú ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ohun tí ènìyàn díẹ̀ ń ṣe kíákíá kí wọ́n sì túká. Ibẹ̀ ni ẹbí ti ń pé jọ, tí ọ̀rẹ́ ń sọ ohun tí òkú ṣe nígbà ayé rẹ̀, tí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ń sunkún lójú ẹni tí yóò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tí òfin ní kí èrò má pọ̀, òkú wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún kò jáde tán. Àwọn tí ń sọ pé kí ẹ máa dúpẹ́ kò ní ibi lọ́kàn. Wọ́n rò pé àdúrà ni àwọn ń ṣe fún yín. Síbẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ kedere pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọpẹ́ pa ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́nu mọ́. Ẹ lè dúpẹ́ fún ẹ̀mí àwọn ọmọ yín ní òwúrọ̀ kí ẹ sì sunkún ẹ̀gbọ́n yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, kò sì sí èyí tí ó sọ èkejì di irọ́. Kò tíì pẹ́ jù láti ṣe ìrántí fún un. Ẹ pe àwọn ọmọ ìyá yín àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò lè wá nígbà náà, ẹ se oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, kí olúkúlùkù sì sọ ohun kan tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ gba gbọ̀ngàn tàbí kí ẹ ra aṣọ ẹbí. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ mi pé ẹni tí ó bá ṣe irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń rí ara rẹ̀ gbé ju ẹni tí ń dúró de ìgbà tí owó ìnáwó ńlá yóò dé.

Nísinsìnyí, kí ni ọpẹ́ ń ṣe nínú ọkàn ènìyàn? Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀. Lọ́dún 2003, Robert Emmons àti Michael McCullough ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n pín àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́: àwọn kan ń kọ ohun tí wọ́n dúpẹ́ fún sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò ju márùn-ún lọ, àwọn kan ń kọ ohun tí ó ń bí wọn nínú, àwọn yòókù sì ń kọ ohunkóhun tí ó ṣáà ṣẹlẹ̀ sí wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, ojú tí àwọn tí ń kọ ọpẹ́ fi ń wo ayé wọn dára ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n tún ní kí àwọn mìíràn máa kọ ọ́ lójoojúmọ́, ohun kan hàn tí ó kan ìbéèrè yín gbọ̀ngbọ̀n: àwọn tí ń kọ ọpẹ́ sọ pé àwọn ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ tàbí pé àwọn tu ẹlòmíràn nínú ju bí àwọn tí ń kọ ìbínú ṣe ṣe lọ. Kì í ṣe oògùn tí ń wo àìsàn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́pò dókítà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọpẹ́ tòótọ́ kì í jókòó sínú ọkàn nìkan. Ó máa ń wá ọwọ́ tí yóò gbà jáde.

Àbá tí mo máa ń dá ni pé kí ènìyàn má ka nǹkan, kí ó ka àwọn ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń sọ pé "mo dúpẹ́ fún oúnjẹ, mo dúpẹ́ fún ìlera" yóò tètè sú u. Yóò di ohun tí a ń kà bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ ronú padà sí ọdún 2020, kí ẹ sì kọ orúkọ. Ìyá tí ń gbé oúnjẹ wá ni yóò ṣíwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, ta ni ó ta èlùbọ́ fún yín láwìn ní Òkè-Àdó tàbí ní Bódìjà tí kò sì wá sin yín lówó? Kànga ta ni ẹ fà nígbà tí omi ẹ̀rọ kò wá? Ta ni ó fi káàdì ìpè ránṣẹ́ kí ẹ lè bá ọkọ yín sọ̀rọ̀? Ta ni ó kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìṣirò nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì? Ọkọ yín náà yẹ lórí ìwé yìí, bí ó bá jẹ́ pé ó ń fi díẹ̀díẹ̀ tí ó rí ránṣẹ́ láti Èkó. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó gbé yín ró, pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ru gbogbo ẹrù náà, àti pé oore ìyá yẹn kò tóbi débi tí yóò fi máa bà yín lẹ́rù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ má ṣe é lójoojúmọ́ kí ó má bàa di iṣẹ́.

Mo dé orí ìtìjú. Lọ́dún 2006, Philip Watkins àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọpẹ́ àti ìmọ̀lára gbèsè kì í ṣe ohun kan náà. Bí ẹni tí a ṣe lóore bá ti ń rò pé olóore ń retí ìsanpadà, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀lára gbèsè ń pọ̀ sí i tí ọpẹ́ sì ń dín kù. Ẹ bi ara yín léèrè: ǹjẹ́ ìyá náà sọ ọ̀rọ̀ kan rí, tàbí ó wo yín ní ìwò kan, tí ó fi hàn pé ó ń retí nǹkan? Lẹ́tà yín kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ fún mi ni pé àṣà wa ni ẹ kò rí ṣe. A tọ́ wa dàgbà pé bí ẹnì kan bá ṣe wá lóore lónìí, a gbọ́dọ̀ débẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la kí a sì sọ pé ẹ ṣeun àná. Lásìkò kòrónà, òwúrọ̀ ọ̀la kò ṣeé lọ. Ẹ bẹ̀rù pé ẹ lè kó àrùn ràn án, òun náà sì bẹ̀rù yín. Oúnjẹ ọjọ́ kejì tún dé kí ẹ tó dúpẹ́ ti àná, ti ọjọ́ kẹta tún lé e, ọpẹ́ tí ẹ kò rí sọ sì ń pọ̀ títí ó fi di ohun tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òfin rọlẹ̀, ó ti jọ pé àsìkò ti kọjá. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò rere ni kòrónà yà nípa báyìí láìsí ìjà láàárín wọn.

Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí fífà tí ó ń fà sẹ́yìn lẹ́yìn tí ó bá kan ilẹ̀kùn máa dùn yín. Kòkòrò àrùn kòrónà ń bá afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde rìn, pàápàá níbi tí fèrèsé wà ní títì tí ènìyàn sì súnmọ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá ti kó o lè tàn án ká kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìyá àgbà tí ó gbé oúnjẹ síta gbangba, tí ó sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ń dáàbò bo ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ yín ni. Ọ̀wọ̀ ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ dá kúlà padà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ kí i bí ẹ ti máa ń ṣe fún àgbà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rántí gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí. Ẹ má ṣe sọ pé "ẹ ṣeun fún gbogbo nǹkan" lásán. Ẹ sọ ọjọ́ tí kò sí ohun kankan nílé tí ẹ gbọ́ ìró ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ohun tí ó wà nínú kúlà lọ́jọ́ náà, àti ohun tí àwọn ọmọ sọ nígbà tí wọ́n jẹun tán. Ẹ sọ pé ojú ni ó ń tì yín tí ẹ kò fi tètè wá. Ẹ̀rù lè máa bà yín pé yóò rí bákan. Nicholas Epley àti Amit Kumar wádìí irú ẹ̀rù yìí lọ́dún 2018: wọ́n ní kí àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí olóore wọn, kí wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe rò pé yóò rí lára ẹni tí yóò gbà á. Àwọn tí ó kọ lẹ́tà rò pé yóò ni olóore lára ju bí ó ṣe rí lọ, wọn kò sì mọ̀ pé inú rẹ̀ yóò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbé ẹ̀bùn ńlá dání lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹ̀bùn ńlá lè jọ pé ẹ fẹ́ san gbèsè kí ẹ sì ti ìwé rẹ̀ pa. Lẹ́yìn ọpẹ́, ẹ bi í léèrè bí ọdún 2020 ṣe rí fún òun náà. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má fo èyí. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni ó wà nílé, pé àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun tí fóònù kì í sì dún, pé sísè fún ilé yín ni ohun kan ṣoṣo tí ó ń mú un dìde lórí ibùsùn. Ẹni tí ń fúnni náà máa ń rí nǹkan gbà, kì í sì í sí ẹni tí yóò bi í kí ó tó sọ ọ́. Bí ó bá yá, ẹ lè fi iṣẹ́ ọwọ́ yín yẹ́ ẹ sí, kí ẹ bá a rán bùbá tàbí kí ẹ tún aṣọ rẹ̀ kan ṣe, gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò ti ń ṣe fún aládùúgbò. Bí ó bá ti kó kúrò tàbí tí ó ti dolóògbé, ẹ wá àwọn ọmọ rẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ìyókù oore náà, ẹ san án fún ẹlòmíràn tí ebi ń pa, kí ẹ sì ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é fún yín: ní ẹnu ọ̀nà, láìya fọ́tò. Ó dùn mí wọra lọ́dún náà láti máa rí àwòrán àgbàlagbà tí a to sórí ìlà, tí a fi kóńgò ìrẹsì kan lé lọ́wọ́, tí a ní kí ó wo ẹ̀rọ ayàwòrán. Ẹni tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yóò jẹ ìrẹsì náà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn yóò fẹ́ kí ebi pa òun ju kí ó jáde lọ.

Ẹ béèrè ohun tí àdúgbò yín lè ṣe bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀. Lójú tèmi, àléébù tí ó tóbi jù lọ́pọ̀ àdúgbò Ìbàdàn ni pé ẹgbẹ́ onílé ni ó ń ṣe ìpàdé, ṣùgbọ́n ayálégbé ni ebi pa jù. Àwọn onílé mọ orúkọ ara wọn, wọ́n ń dá owó ọlọ́dẹ, wọ́n ń tún ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ṣe; wọn kò mọ ẹni tí ó wà nínú yàrá kan ṣoṣo ní ẹ̀yìnkùlé ilé kejì. Ẹ jẹ́ kí ayálégbé kan tàbí méjì máa jókòó sí ìpàdé náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí obìnrin tí gbogbo ènìyàn fọkàn tán ní òpópónà kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan lọ́wọ́, kí ó kọ sínú rẹ̀ ẹni tí ń dá gbé, aláboyún, ẹni tí kò lè rìn, ẹni tí kò mọ̀wé, àti ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà lójoojúmọ́. Kí ó kọ nọ́ńbà fóònù wọn àti ti ọmọ tàbí ìbátan kan tí ó wà nítòsí. Oògùn ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí pé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrànwọ́, oúnjẹ ni gbogbo ènìyàn ń rántí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá tán tí kò sì lè jáde wà nínú ewu tí kò kéré sí ebi. Kí ọ̀dọ́ kan tí ara rẹ̀ le máa bá wọn lọ sí ilé ìtajà oògùn, kí ó gba orúkọ oògùn sínú ìwé dípò kí ó gbà á sórí.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má dúró de ìgbà tí ìjọba yóò pín in. Àwọn tí ń dá àjọ ní àdúgbò yín lè fi díẹ̀ nínú owó wọn ra gàrí gbígbẹ, èlùbọ́ àti ẹ̀wà sílẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ti àtijọ́ kí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ kí kòkòrò má bàa bà á jẹ́. Tí àìní bá dé, kí wọ́n máa fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀, kí ẹni náà náà sì ní ohun tí yóò máa ṣe fún àdúgbò, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ẹni tí kò ní owó lè pọn omi fún arúgbó, ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ lè gba fóònù ìdílé mẹ́ta kí ó bá wọn fi iná sí i, olùkọ́ lè kó ọmọ díẹ̀ jọ síta gbangba. Ẹni tí a ń fún tí a kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ni irú ìtìjú tí ó bá yín yóò bá, ẹ̀yin mọ bí ó ṣe rí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ètò yìí kò ní rí bákan náà ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjà'ba, níbi tí ìdílé púpọ̀ ń gbé agbo ilé kan, tí wọ́n ń fa kànga kan tí wọ́n sì ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n jìnnà síra. Níbẹ̀, Mọ́gàjí àti àwọn àgbà agbo ilé ni ó yẹ kí ó darí rẹ̀: kí ọṣẹ àti omi wà lẹ́bàá kànga, kí yàrá kan tí ó ní fèrèsé wà fún ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, kí àwọn arúgbó sì máa jókòó síta lábẹ́ òjìji ju inú ìyẹ̀wù lọ. Ọṣẹ yòówù tí ó bá ń hó yóò ṣe é, nítorí pé ọ̀rá ni ó bo kòkòrò kòrónà, ọṣẹ a sì tú ọ̀rá náà. Kí wọ́n ṣáà fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 fọ ọwọ́.

Ohun kan wà tí ó ba àdúgbò jẹ́ ju ebi lọ, ìyẹn ni bí a ṣe ń wo ẹni tí àrùn mú. Ní 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀ kéde pé òun ní àrùn náà. Ọ̀gá àgbà UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, nígbà náà ti kéde tirẹ̀ ṣáájú. Àwọn méjèèjì sọ ọ́ ní gbangba, ara wọn sì yá. Síbẹ̀, lásìkò náà, bí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá wá gbé ẹnì kan lọ sí ibùdó ìtọ́jú ní Olódó, ìdílé rẹ̀ ni gbogbo òpópónà yóò máa yẹra fún, títí kan ìgbà tí ó bá padà dé. Ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí àwọn mìíràn fi àìsàn wọn pamọ́. Ẹ pinnu láti ìsinsìnyí pé ilé tí wọ́n bá ti gbé ènìyàn lọ ni àdúgbò yóò kọ́kọ́ gbé oúnjẹ lọ, kí ẹnì kan sì máa pè wọ́n lórí fóònù láràárọ̀.

Ẹ tún yan ẹnì kan tí yóò máa wádìí ìròyìn kí ó tó tàn ká. Nígbà tí Ebola dé lọ́dún 2014, àhesọ mú kí àwọn ènìyàn máa mu omi iyọ̀, kí wọ́n sì máa fi í wẹ̀. Nígbà tí kòrónà dé, àwọn kan ní Èkó lo chloroquine, oògùn ibà, ní àlòjù títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Kí ẹni tí ẹ bá yàn máa gbọ́ ti NCDC, àjọ tí ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, àti ti ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín, kí ó sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyá arúgbó yóò gbọ́.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Lọ́dún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, láàárín àwọn ará abúlé, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé àwọn tí ó wà láyìíká ènìyàn wà lára ìwòsàn rẹ̀. Kónílé-ó-gbélé gba àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́wọ́ gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà; Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2022 pé àníyàn àti ìsoríkọ́ fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lágbàáyé ní ọdún àkọ́kọ́ àjàkálẹ̀ àrùn náà. Bí ẹ bá ti dá kúlà padà, tí ẹ sì ti ṣe ìrántí ẹ̀gbọ́n yín, àmọ́ tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò wù yín jẹ, tí iṣẹ́ aránṣọ kò sì wù yín ṣe mọ́ fún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ má fi àdúrà nìkan tì í. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ní ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín, kí ẹ sì mú ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán dání. Ìyá tí ó ń gbé oúnjẹ wá fún yín lè jẹ́ ẹni náà, bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́.